Àsímà nílé, lọ́jà, nílé-ìwé: ẹ jẹ́ ká kó ohun tá a mọ̀ jọ síbí (Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́)

Ajílété
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé, àti ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ tí ẹ wà níbí. Ọyẹ́ kò ní pẹ́ dé mọ́. Nígbà tí eruku bá bo ojú ọ̀nà láti Tákíè dé Sábó, tí ètè gbogbo èèyàn ń là, àwọn tó ní àsímà, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní ikọ́ sémìí-sémìí, ló máa ń kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa bá wa dá sí ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Ínhélà búlúù àti ti buráwùn, iṣẹ́ wo ni kálukú wọn ń ṣe, kí ló sì dé tí àwọn kan ń fa búlúù lójoojúmọ́ tí àyà wọn kò já gaara? Iṣẹ́ ìlú wa, láfún, èlùbọ́, gàrí, irú, eruku àti èéfín ló pọ̀ nínú rẹ̀. Báwo lèèyàn á ṣe ṣe é? Tó bá sì dìde sí èèyàn ní aago méjì òru ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ohun téèyàn lè fọwọ́ ṣe la fẹ́.

Apòògùn_Tákíè
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Inú àyà ni kí n ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà èémí ẹni tó ní àsímà máa ń wú nínú, ó sì ń ṣe kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ki. Wíwú yẹn lè wà níbẹ̀ kódà lọ́jọ́ tí ara bá dá. Tí eruku tàbí èéfín bá wá kàn án, iṣan tó yí ọ̀nà náà ká á fún pọ̀, àyè tí afẹ́fẹ́ ń gbà á dín kù, àyà á sì máa súfèé. Ìṣòro méjì ló wà níbẹ̀ nígbà náà: wíwú àti fífún.

Salbutamol, ìyẹn òògùn inú búlúù, fífún nìkan ló ń tú. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ti ṣiṣẹ́, lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà agbára rẹ̀ ti tán. Kò fọwọ́ kan wíwú rárá. Èyí tó ń wo wíwú ni buráwùn, beclomethasone, tàbí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bíi budesonide àti fluticasone. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó, yálà àyà ń súfèé tàbí kò súfèé. Kì í yára. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ìyàtọ̀ tó hàn. Ibẹ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n á lò ó fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́, wọ́n á padà sídìí búlúù nítorí òun ni wọ́n ń rí iṣẹ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Wíwú náà kò lọ síbì kankan, ó ń pọ̀ sí i ni.

Láti 2019 ni GINA, ìgbìmọ̀ àgbáyé tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú àsímà, ti ní kí wọ́n má fi búlúù nìkan tọ́jú àgbàlagbà àti ọ̀dọ́langba mọ́. Ẹni tó bá ń lò ó ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀, tàbí tí ikọ́ ń jí lóru, àsímà rẹ̀ kò tíì wà níkàáwọ́. Ẹni tó bá ń lo búlúù tó agolo mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún, kó tètè padà sọ́dọ̀ dókítà, kó sì sọ iye náà fún un.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà níbí. Àwọn ínhélà kan wà tí òògùn méjì wà nínú wọn. Èyí tó jẹ́ budesonide pẹ̀lú formoterol, dókítà lè ní kí èèyàn fi ṣe ti ojoojúmọ́, kó tún fi ṣe ti ìgbà tó bá dìde, torí formoterol ń yára. Èyí tó jẹ́ fluticasone pẹ̀lú salmeterol, irú Seretide aláwọ̀ àlùkò, kò rí bẹ́ẹ̀. Salmeterol ń lọ́ra. Ẹ má gbé e nígbà tí èémí bá ń há.

Apòògùn_Tákíè
Mo pín in sí méjì kó má gùn jù. Ìdí kejì tí àyà kì í fi í já ni pé òògùn náà kò dé inú àyà; orí ahọ́n àti ọ̀fun ló ń parí sí. Bí wọ́n ṣe ń fa ínhélà nìyí. Ṣí ìdérí, wo ẹnu rẹ̀ bóyá ìdọ̀tí àpò ti wọ̀ ọ́. Mì ín dáadáa. Tó bá jẹ́ tuntun, tàbí tó ti pẹ́ tó ọjọ́ márùn-ún tó ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, tẹ̀ ẹ́ sínú afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Jókòó ṣánṣán tàbí kó o dìde dúró. Mí jáde pátápátá. Fi ètè há ẹnu rẹ̀ típẹ́típẹ́. Bẹ̀rẹ̀ sí í fa èémí sínú jẹ́jẹ́, bó o ṣe bẹ̀rẹ̀ ni kó o tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kó o sì máa fà á lọ títí àyà á fi kún. Pa èémí mọ́, ka oókan dé ẹ̀wá. Tó bá ku ìtẹ̀ kan sí i, dúró fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú, tún un mì, kó o tó tẹ̀ ẹ́.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù: wọ́n á tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà, wọ́n á fà á fìì bí ẹni tó fẹ́ sín, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì pọ̀ mọ́ra.

Lẹ́yìn buráwùn, ẹ yọ ẹnu, ẹ fi omi gbọn ọ̀fun, kí ẹ tu ú dànù. Tí wọn ò bá ṣe é, ohun funfun lè máa hù lórí ahọ́n, ohùn sì lè há. Bí ẹ bá gbé ínhélà náà sí ẹ̀gbẹ́ búrọ́ọ̀ṣì tàbí orín, kí ẹ fà á kí ẹ tó fọ ẹnu láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ ò ní gbàgbé rẹ̀, ẹnu náà á sì mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà
Mo fẹ́ dáhùn ti aago méjì òru, torí òun ló ń pa èèyàn.

Ẹ má dá a dùbúlẹ̀. Ẹ gbé e jókòó, kó tẹ̀ síwájú díẹ̀, kó fi ìgbọ̀nwọ́ lé tábìlì tàbí itan. Ẹ tú bọ́tìnnì ọrùn, ìró tàbí bẹ́líìtì. Ẹ ní kí èrò tó pé lé e lórí sún sẹ́yìn. Èèyàn mẹ́wàá nínú yàrá kan kò ràn án lọ́wọ́. Búlúù: ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, dúró fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú kan, ẹ tún tẹ̀ ẹ́, títí dé ìgbà mẹ́wàá. Tí spacer bá wà, ìyẹn ike oníhò tí wọ́n ń ki ínhélà bọ̀ kí òògùn lè dé inú àyà, ẹ lò ó. Tí kò bá dẹ̀ lẹ́yìn ìgbà mẹ́wàá, ọsibítù ló kàn, bí ẹ bá sì wà lójú ọ̀nà tó ti tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ mẹ́wàá mìíràn.

Àwọn àmì kan wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ dúró ka mẹ́wàá pé kí ẹ tó dìde. Kò lè sọ gbólóhùn kan parí láì mí sí i láàárín. Ọmọdé kò lè mu ọmú tàbí omi, ẹran ìhà rẹ̀ ń wọlé sínú bó ṣe ń mí. Ètè àti ahọ́n ti ń ṣú. Lára dúdú bíi tiwa, inú ètè, ahọ́n àti èékánná ni kí ẹ wò, ẹ má wo ojú. Ó ń tòògbé, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò já geere mọ́. Èyí tó ń tan àwọn èèyàn jẹ jù: súfèé àyà dákẹ́ lójijì, ṣùgbọ́n ẹni náà kò lágbára. Ẹ má rò pé ó ti dẹ̀. Afẹ́fẹ́ kò wọlé mọ́ débi tí á fi dún. Tí ẹ bá ní ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka láti wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, tó sì ń fi nọ́ńbà tó kéré sí 92 hàn, ẹ máa lọ.

Ọ̀sán ni kí ẹ ti ṣètò òru. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé ìwòsàn ńlá ti LAUTECH wà, ti Bowen tí àwọn àgbà ṣì mọ̀ sí ọsibítù Onítẹ̀bọmi wà, ti ìjọba náà wà. Ọ̀yọ́ náà ní ti ìjọba. Ẹ lọ béèrè lójúmọmọ ibi tó sún mọ́ yín jù tí ọ́síjìn àti dókítà ń wà lóru. Ẹ gba nọ́ńbà awakọ̀ méjì tó ń sùn ládùúgbò, kì í ṣe ẹyọ kan. Kẹ̀kẹ́ Márúwá tàbí takisí ni kí ẹ gbé e sí. Ẹni tó ń mí gúlegúle lẹ́yìn ọ̀kadà lè já bọ́, eruku á sì tún máa bá a jà. Kí àpò kan wà nítòsí ilẹ̀kùn: ínhélà, spacer, tọ́ọ̀ṣì, owó ọkọ̀, àti ìwé tí ẹ kọ orúkọ òògùn rẹ̀ sí.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Afọ́n
Ẹ ṣeun o, mà. Ọmọ ọdún mẹ́ta kò lè fa ínhélà bí ẹ ṣe ṣàlàyé yẹn. Spacer tó ní ìbòjú sì wọ́n. Ṣé ẹ̀rọ nẹbuláísà, èyí tó ń sọ òògùn di ìkùukùu téèyàn ń mí sínú, kọ́ ló yẹ kéèyàn kó owó jọ rà?

Nọ́ọ̀sì_Àgbà
Rárá, ọmọ mi. Nẹbuláísà ń fẹ́ iná, a sì mọ bí iná wa ṣe rí. Fún èyí tí kò tíì le jù, ínhélà pẹ̀lú spacer ń ṣe iṣẹ́ kan náà, kò sì gba iná. Tẹ ẹ bá lówó, ẹ ra spacer kí ẹ tó ro nẹbuláísà.

Tí kò bá sí owó, ìgò ike 50 cl lè ṣe é. Àwọn dókítà kan ní Cape Town yẹ̀ ẹ́ wò lára ọmọdé, ìwé ìṣègùn Lancet sì gbé e jáde ní 1999: ìgò 500 ml tí wọ́n dí ojú ihò rẹ̀ dáadáa ṣiṣẹ́ bíi ti ilé ìtajà. Èyí tí wọn ò dí kò tó o, kọ́ọ̀pù fóòmù ló kẹ́yìn pátápátá. Ìyẹn ni pé dídí ihò yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀.

Ẹ wá ìgò tó mọ́, tí kò ní òórùn. Ẹ fi ẹnu ínhélà sí ìdí ìgò, kí ẹ fi bírò yí i ká. Ẹ tẹ wáyà nínípọn sí bí ẹnu náà ṣe rí, kó kéré sí i díẹ̀, ẹ fi sínú iná kó gbóná, ẹ fi jó ìdí ìgò náà lu. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, èéfín ike náà kò dára fún aláàsímà. Ẹ ki ínhélà bọ̀ ọ́ nígbà tí ike ṣì rọ̀ kó lè há mọ́ ọn. Tí àlàfo bá kù, ẹ fi gọ́ọ̀mù dí i, kó gbẹ fún ọjọ́ kan. Ẹ fi omi àti ọṣẹ ìfọbọ́ fọ̀ ọ́, kí ẹ gbé e kọ́ kó ro gbẹ. Ẹ má fi aṣọ nù ún nínú, torí ike tí wọ́n bá fi aṣọ nù máa ń fa òògùn mọ́ra, kò ní jẹ́ kó dé ẹnu ọmọ.

Ẹnu ìgò ni ọmọ á fi ẹnu há. Ìtẹ̀ kan, kó mí wọlé, mí jáde bí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà. Mì ín, tẹ ìkejì. Ọmọ tí kò lè fi ẹnu há a nílò ìbòjú tó lẹ̀ mọ́ imú àti ẹnu rẹ̀ típẹ́típẹ́.

Ìyá_Eléèlùbọ́
Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ògbómọ̀ṣọ́ ajílété, ibi tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan: a kò lè ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan láfún. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wà.

Ibi mẹ́ta ni eruku rẹ̀ ti ń pọ̀ jù: ẹnu ẹ̀rọ ìlọ̀, ìgbà tí wọ́n ń kù ú, àti ìgbà tí wọ́n ń tú àpò. Ti ẹ̀rọ, ẹ rán ẹlòmíràn. Tí kò bá sí ẹni tẹ́ ẹ máa rán, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹlẹ́rọ, ẹ dúró sí ìta ní apá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, kí eruku máa lọ sọ́wọ́ kejì. Ìta náà ni kí ẹ ti máa kù ú, kì í ṣe nínú ọ̀ọ̀dẹ̀. Ẹ kẹ́yìn sí atẹ́gùn. Kí kọ̀ǹkọ̀sọ̀ sún mọ́ ọpọ́n. Bó bá ṣe ga tó ni eruku á ṣe fò tó. Tẹ́ ẹ bá ń da láfún sínú àpò, ẹ má dà á láti òkè, ẹ ti ẹnu igbá wọ inú àpò kí ẹ tó yí i.

Áńkáṣíìfù tí a máa ń so mọ́ imú kò dí eruku kíkúnná. Ìbòmú N95 tàbí KN95 ló ń dí i, òun náà kò sì wúlò bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ń jò. Ẹ gbá irin orí rẹ̀ mọ́ imú, ẹ mí jáde. Tí ẹ bá gbọ́ atẹ́gùn lójú, ẹ tún un dì. Tó bá ti ń nira láti mí nínú rẹ̀, eruku ti dí i, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Gèlè àti aṣọ iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ wọ yàrá. Ẹ bọ́ ọ sẹ́yìnkùlé, ẹ wẹ̀, kí ẹ tó gbé ọmọ.

Ti gàrí àti irú, igi tútù ni ọ̀tá. Igi tó gbẹ dáadáa kì í ṣe èéfín púpọ̀. Ààrò tí wọ́n mọ ojú èéfín sí, tó ń gbé e gba òkè orílé lọ, yàtọ̀ pátápátá sí àdògán mẹ́ta. Irú ń pẹ́ lórí iná, ẹlòmíràn ni kó máa ko iná rẹ̀. Ata gbígbẹ tí wọ́n ń gún tàbí tí wọ́n ń dín, kí aláàsímà jáde nílé pátápátá. Ẹ má sì gbé ìkòkò èédú wọ yàrá tí wọ́n tilẹ̀kùn nígbà ọyẹ́. Ìyẹn lè pa aláàsímà àti ẹni tí kò ní in.

Ajílété
Ọlọ́run á bù sí i fún yín, mà. Inú ilé ńkọ́?

Ìyá_Eléèlùbọ́
Omi ni kí ẹ fi máa nu ilẹ̀. Tó bá di dandan kí ẹ gbálẹ̀, ẹ wọ́n omi sí i. Ẹ ká rọ́ọ̀gì kúrò ní yàrá ẹni náà. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ sá a sóòrùn. Ìrọ̀rí àtijọ́ tí wọ́n fi òwú àràbà kún, ẹ jù ú nù. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn dípò kọ́ìlì. Tẹ́ ẹ bá máa fín òògùn aáyán, ẹ fín in kí ẹni náà tó dé, kí ẹ sì ṣí fèrèsé sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. Lọ́fíńdà, kánfọ̀ inú àpótí, tùràrí, òórùn ọ̀dà ilé, ẹ kíyè sí èyí tó ń ru tiyín sókè. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń bá gbogbo èèyàn jà.

Bàbá_Àkẹ̀sán
Mo kí gbogbo yín láti Ọ̀yọ́. Nígbà tiwa, omi gbígbóná ni wọ́n fi ń bo ọmọ lórí, wọ́n á fi Robb tàbí Aboniki pa á níhò imú. Tí ara bá sì ń ro aláàsímà, Alábùkún ni. Ṣé ó léwu ni?

Apòògùn_Tákíè
Ẹ kú ìjókòó, Bàbá. Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè, torí ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é.

Ooru omi kì í tú iṣan tó fún. Ohun tá a sì ń rí níbẹ̀ ni ọmọdé tí omi gbígbóná dà lé lára. Robb àti Aboniki, òórùn wọn le, ó lè ru àyà ẹlòmíràn sókè; ẹ má fi síhò imú ọmọdé rárá.

Ti Alábùkún gan-an ni kí ẹ gbọ́, sà. Aspirin àti kaféènì ló wà nínú rẹ̀. Àwọn aláàsímà kan wà tí aspirin lè gbé àsímà wọn dìde burúkú láàárín wákàtí mélòó kan, pàápàá àwọn tí imú wọn máa ń dí ṣáá tàbí tí ẹran kékeré hù níhò imú wọn. Ibuprofen àti diclofenac lè ṣe ohun kan náà. Ẹ lo parasitamọ́ọ̀lù. Àwọn àgbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ní àsímà kó tó kọ propranolol tàbí atenolol, torí wọ́n lè fún ọ̀nà èémí pa. Òògùn ojú timolol, ẹ̀kán lásán tí wọ́n ń kán sójú, ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ kì í rò pé òògùn ojú kan àyà.

Èyí tó ń dùn mí jù ni dexamethasone àti prednisolone tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá ní kẹ́míìsì. Prednisolone fún ọjọ́ márùn-ún sí méje lábẹ́ ojú dókítà ń gba ẹ̀mí là. Kéèyàn máa gbé e mì lóṣooṣù láì ní ìwé dókítà, ó ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, ó ń jẹ egungun, ojú á wú.

Tíṣà_Sáyẹ́ǹsì
Tilé-ìwé. Kí ínhélà má wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá tó ń lọ ìpàdé ní Ìbàdàn. Àpò ọmọ tó ti gbọ́n, tàbí dúrọ́ọ̀ tíṣà kíláàsì tí wọn kì í tì. Ẹ lẹ ìwé kan mọ́ ọn: orúkọ ọmọ, ìtẹ̀ mélòó, nọ́ńbà òbí. Aṣọ tútù ni kí wọ́n fi máa nu pátákó, kí ọmọ náà má jókòó sábẹ́ ẹfun. Ọmọ aláàsímà kì í gbálẹ̀ ní ọyẹ́. Ó lè bu omi sódòdó. Ẹ má ní kó má sáré. Ìtẹ̀ méjì búlúù ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú, tí dókítà bá fọwọ́ sí i, kó rìn kó sì sáré pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí eré gidi tó bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Afọ́n
Àwọn kan nílé wa ní ó ń ranni, wọ́n ti ya ife sọ́tọ̀.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà
Kì í ranni. Ikọ́ ife (TB) ló ń ranni, àwọn èèyàn ń pa méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá ti wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó lọ yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti òògùn ikọ́ ife nílé ìwòsàn ìjọba. Àsímà ní tirẹ̀ ń wá, ń lọ, ó ń le lóru àti ìdájí. Kí wọ́n dá ife náà padà, ó ń dun ọmọ.

Àfikún: aboyún kò gbọ́dọ̀ pa ínhélà tì, àìrí èémí mí léwu fún oyún ju òògùn náà lọ. Tí Ràmàdáánì bá dé, buráwùn ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ á bọ́ sí àsìkò sààrì àti ìṣínu, ṣùgbọ́n ẹni tí àyà rẹ̀ bá ń há lọ́sàn-án, kó fa búlúù rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ajílété
Owó ńkọ́? Àti pé báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé ó ti tán?

Apòògùn_Tákíè
Láti 2023 tí GSK, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe Ventolin (salbutamol, búlúù) àti Seretide, ti kéde pé òun ń kúrò ní Nàìjíríà ni méjèèjì ti wọ́n gan-an. Ẹ béèrè orúkọ òògùn, ẹ má béèrè orúkọ ilé-iṣẹ́: salbutamol 100 micrograms tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe, tó ní nọ́ńbà NAFDAC, iṣẹ́ kan náà ni. Tẹ́ ẹ bá wà lórí ìlànà ìlera ìpínlẹ̀, OYSHIA, ẹ béèrè bóyá ínhélà wà nínú ohun tí wọ́n ń san. Tí owó kò bá sì ká méjèèjì, ẹ má dá buráwùn dúró láì sọ fún dókítà; ó lè yí òògùn náà padà sí èyí tí apá yín ká.

Ti mímọ̀ pé ó ti tán, ẹ má jù ú sómi wò bóyá ó léfòó. Kò tọ̀nà, omi á tún dí ihò rẹ̀. Kódà lẹ́yìn tí òògùn ti tán, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ṣì máa ń dún fìì, èèyàn á rò pé òun ń gba nǹkan. Kíkà ni. Ìtẹ̀ 200 ló wà nínú ọ̀pọ̀ agolo. Buráwùn tí wọ́n ní kẹ́ ẹ fà ní ìtẹ̀ méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́, mẹ́rin lójúmọ́ nìyẹn. Ọjọ́ 50 ló máa lò. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ṣí i, ẹ ka ọjọ́ 50 síwájú, ẹ fi máákà kọ déètì náà sára agolo. Ti búlúù, ẹ máa fa ìlà kékeré sínú ìwé fún ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má fi sínú mọ́tò tí oòrùn ń pa. Agolo náà lè bú. Ti búlúù, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ yọ agolo irin kúrò, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣan ike rẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, ẹ gbọ̀n ọ́n, kó gbẹ di àárọ̀. Irin náà kò gbọ́dọ̀ kan omi. Ọ̀pọ̀ búlúù tí wọ́n ní kò fọ́n mọ́, ìyẹ̀fun òògùn tó gbẹ lójú ihò ike ló dí i.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Afọ́n
Mo ti rí ìgò 50 cl náà. Wáyà ló kù.